Wáyà Tó Wà Lọ́wọ́ Taimi

Oiva Karppinen fúnra rẹ̀ ló kọ ìpolówó náà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a dá sí i. Ó fi bíírò kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan, ó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà, láàárín ẹni tó ń wá ológbò rẹ̀ tó sọnù àti ẹni tó ń ta igi ìdáná. Ohun tó kọ nìyí:

“Tòyótà oníbúùtù, aláwọ̀ búlúù, ti ọdún 1996. Ọwọ́ la fi ń yí jíà rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń wà á láti ọjọ́ tó ti jẹ́ tuntun. Kò dípẹtà. A ti pààrọ̀ bọ́ńpà iwájú. Mọ́tò kò ní àbùkù. Orí awakọ̀ ló ní àbùkù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tà á.”

Taimi, ìyàwó rẹ̀, lọ ra mílíìkì lọ́jọ́ kejì. Ó rí ìwé náà, ó kà á dé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Kò ra mílíìkì mọ́, ó yí padà sílé.

“Oiva, o ò lè kọ irú nǹkan báyẹn síta gbangba!”

“Kí ló dé? Ṣé irọ́ ni?”

“Ta ló ń kọ àbùkù ara rẹ̀ sórí pátákó?”

“Ẹni tó fẹ́ ra nǹkan gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi ń tà á. Mo ní, ṣé irọ́ ni?”

Taimi bọ́ bàtà rẹ̀, ó lọ gbé kọfí kaná. Irọ́ ni. Irọ́ gbuu ni, òun nìkan ṣoṣo láyé ló sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Nínú oṣù kejì ọdún tó kọjá, òtútù kan mú ní Kajaani, ìlú wọn, ìwọ̀n mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nísàlẹ̀ òdo, èyí tó ń mú kí imú èèyàn lẹ̀ pọ̀ bó bá mí. Kò sẹ́ni tó ń ṣàdédé ṣáná sí mọ́tò nínú irú òtútù yẹn. Láti ìdájí ni wáyà á ti wà láàárín mọ́tò àti òpó iná ibi ìgbọ́kọ̀sí, tí iná á máa gba inú rẹ̀ mú ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jáde á yọ wáyà rẹ̀, á ká a, kó tó wọ mọ́tò. Ẹni tó bá gbàgbé, òpó á rán an létí.

Oiva ò gbàgbé rí. Ọkọ̀ ojú irin ló fi ọdún mẹ́tàdínlógójì wà kó tó fẹ̀yìn tì, bó ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ náà ló ń ṣe nílé: ohun gbogbo ní àyè, ohun gbogbo ní àkókò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó yọ wáyà, ó ká a ní ìká mẹ́rin, ó fi í kọ́ sórí ìkọ́ ara òpó. Bó ṣe fẹ́ wọ mọ́tò ni fóònù rẹ̀ dún. Eino àbúrò rẹ̀ ni. Ó padà wọlé kí etí rẹ̀ má baà dì, nítorí ọ̀rọ̀ Eino kì í tán bọ̀rọ̀.

Ìgbà yẹn ni Taimi ń gbé ìdọ̀tí lọ dà. Ó rí wáyà lórí ìkọ́, ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé Eino á dá ọkùnrin yìí dúró títí mọ́tò á fi tutù padà. Inú rere ló fi ki wáyà bọ mọ́tò, tó ki orí rẹ̀ kejì bọ iná. Níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, ó pàdé aládùúgbò kan, wọ́n sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ìbàdí ẹnì kan títí ẹsẹ̀ wọn fi kú. Nígbà tó fi máa padà wọlé, ọ̀rọ̀ wáyà ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá.

Oiva jáde. Ó mọ̀ pé òun ti yọ wáyà, kí ló tún fẹ́ wò? Ó wọ mọ́tò, ó ṣáná, ó tẹ̀ ẹ́. Wáyà fa àpótí ara òpó ya, bọ́ńpà ya, ariwo rẹ̀ sì mú kí gbogbo àwọn tó ń gbé nínú ilé alájà náà yọjú sí fèrèsé, tàwọn ti ife kọfí lọ́wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló jókòó sí kíṣìnì láì bọ́ kóòtù. “Taimi,” ó ní, “ó ti bẹ̀rẹ̀.”

“Kí ló ti bẹ̀rẹ̀?”

“Èyí tó ṣe màmá mi.”

Ìyá Oiva ṣarán ọdún mẹ́jọ kó tó kú. Níparí rẹ̀, ó ń pe ọmọ tó bí ní ọ̀gbẹ́ni.

Taimi ti rántí wáyà, ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n. Ni Oiva bá tún ní, “Mi ò ní wa mọ́tò mọ́ láé,” bí ọ̀rọ̀ ṣe padà sínú nìyẹn.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ní ìgbà òtútù ni Oiva ń wakọ̀ lọ bá Eino nínú igbó, ọgọ́jọ kìlómítà lórí yìnyín, àwọn ọkọ̀ agbégi-gẹdú níwájú, ìgalà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọkùnrin tó ti lé ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Taimi ń dúró sídìí fèrèsé. Kò sọ ọ́ fún un rí pé ẹ̀rù ń ba òun. Nígbà tó gbọ́ “mi ò ní wa mọ́tò mọ́”, ara tù ú. Ó ní òun á sọ òtítọ́ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀tunla, ọ̀tunla di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀la ṣe máa ń ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ìdùnnú náà fi wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Taimi rí i pé kì í ṣe mọ́tò nìkan ni Oiva fi sílẹ̀. Ó pa ayò ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn tì, ó ní kí ni òun fẹ́ fi ìdajì orí ṣe. Kò kọrin mọ́ nínú sáúnà, yàrá ooru tí wọ́n ti ń wẹ̀. Ó fi ìwé pélébé lẹ̀ mọ́ ara sítóòfù, ara ilẹ̀kùn, ara dígí: “Pa á.” “Tì í.” “Lo oògùn.” Taimi ní kó jẹ́ káwọn lọ rí dókítà, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ àìsàn náà lẹ́nu aláṣọ funfun. Nígbà tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Oiva lọ gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó fi í pa mọ́ sábẹ́ àwọn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Taimi rí i níbẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún.

Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Lẹ́yìn ọdún kan ńkọ́? Bí èèyàn ṣe ń pẹ́ sí i ni ẹnu ń wúwo sí i.

Wàyí o, mọ́tò fẹ́ lọ. Bí mọ́tò bá lọ, Oiva á ti fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé orí òun ti bàjẹ́, kò sì ní sí ohun tó máa gbé e dìde mọ́. Taimi mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni olùrà dé, ní aago mọ́kànlá gééré. Obìnrin ni, Tuulikki lorúkọ rẹ̀, ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó ga, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Olùkọ́ni ní mọ́tò wíwà ni. Ó ti já ìwé ìpolówó náà kúrò lára pátákó, ó wà nínú àpò kóòtù rẹ̀.

Wọ́n mu kọfí ná, wọ́n jẹ búrẹ́dì dídùn tí Taimi yan. Ta ló ń ta mọ́tò láìsí kọfí?

“Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, mọ́tò tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ ni gbogbo wọn ń fẹ́,” Tuulikki ní. “Wọ́n á gba ìwé àṣẹ tán, ẹ gbé wọn sínú mọ́tò gidi, wọ́n á máa wá ẹsẹ̀ òsì kiri. Mo fẹ́ mọ́tò kan tí màá fi kọ́ àwọn tó ṣì ní ìtìjú.”

“Ẹ ti rí i nìyẹn,” Oiva ní. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Taimi ò rántí ìgbà tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Yìnyín ṣì wà nílẹ̀, oṣù kẹta ni, oòrùn sì ń tàn bí ẹni pé ó fẹ́ ṣe nǹkan gidi. Mọ́tò náà ń dán. Láti ọjọ́ tí Oiva ti pa ìwakọ̀ tì, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń fọ̀ ọ́, tó ń ṣáná sí i, tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, tó sì ń pa á. Òwúrọ̀ ọjọ́ yìí, ó ti fi wáyà sí i kí ẹ́ńjìnnì má baà tutù nígbà tí olùrà bá dé. Tuulikki dùbúlẹ̀ sórí yìnyín, ó tan iná wo abẹ́ rẹ̀. Ó fi oríkèé ìka lu ibi mẹ́fà lára rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tì wọ́n, ó tẹ́tí sí wọn. Nígbà tó dìde, ó gbọn yìnyín kúrò ní orúnkún.

“Mọ́tò tí mo kọ́kọ́ rà ò mọ́ tó báyìí lọ́jọ́ tí mo rà á. Ó yá, bàbá, ẹ wọlé. Ẹ gbé mi yí ìlú ká.”

“Èmi? Ẹ̀yin lẹ máa wà á. Mi ò wakọ̀ mọ́. Ṣé ẹ ò ka ohun tí mo kọ ni?”

“Mo kà á. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.”

“Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.”

“Bàbá, ẹ gbọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn awakọ̀. Èèyàn lè kun mọ́tò ní ọ̀dà, ó lè fọ̀ ọ́ kó máa dán, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á kì í purọ́. Tí mo bá rí bí ẹ ṣe ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo ti rí bí kílọ́ọ̀ṣì náà ṣe lo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Mi ò ra mọ́tò onírú jíà yìí rí láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín gbé mi. Tẹ́ ò bá wà á, ẹ ṣeun kọfí, mò ń lọ.”

“Ẹ máa lọ nígbà náà.”

“Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín ńkọ́?”

“Ó wà lápò mi.”

“Ṣé dókítà ló ní kẹ́ ẹ má wakọ̀?”

“Kò sí dókítà níbẹ̀. Mo fa wáyà já.”

Tuulikki bú sẹ́rìn-ín. “Wáyà? Torí wáyà? Ta ni ò tíì fa wáyà já nílùú yìí? Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni! Èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú mọ́tò.”

“Ẹ̀yin gbàgbé ni,” Oiva ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Èmi ò gbàgbé. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Mo rántí pé mo yọ ọ́. Mo ń rí ọwọ́ mi tó ń yọ ọ́, mo ń rí ìkọ́ tí mo fi kọ́. Títí dòní ni mo ṣì ń rí i. Ẹni tó gbàgbé, ó gbàgbé náà ni. Ẹni tó wá ń rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára màmá mi nìyẹn. Wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí ni, ẹ̀gbọ́n tó ti kú sójú ogun.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Tuulikki wo ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ máa lọ.

“Ó yọ ọ́,” Taimi ní.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

“O yọ ọ́, Oiva. Èmi ni mo padà fi í síbẹ̀.”

“Kí lo sọ?”

“Eino ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Mo ń lọ da ìdọ̀tí. Mo ní ẹ́ńjìnnì á tutù, ni mo bá tún ki í bọ iná. Mo fẹ́ sọ fún ẹ. Mo lọ ń ṣòfófó, mo gbàgbé. Èmi ni mo gbàgbé, kì í ṣe ìwọ.”

Oiva wò ó sùn-ùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í bí ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò.

“Níbo ni wáyà náà wà nígbà tí o débẹ̀?”

“Lórí ìkọ́.”

“Ìkọ́ ọ̀tún àbí tòsì?”

“Tọ̀tún.”

“Ṣé mo ká a?”

“O ká a dáadáa.”

“Ìká mélòó?”

“Mẹ́rin, Oiva. Mẹ́rin ni. Ìgbà wo lo ká a ní mẹ́ta rí?”

Oiva di òpó iná mú. Tuulikki ní òun á lọ dúró lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n Oiva na ọwọ́ dá a dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ wáyà lára bọ́ńpà, ó yọ ọ́ lára òpó, ó ká a: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Kò fi í kọ́ sórí ìkọ́. Ó gbé e lé Taimi lọ́wọ́.

“Di èyí mú. Má fi sílẹ̀. Wọ ẹ̀yìn mọ́tò.”

Ó wọlé sídìí sítíárìn. Tuulikki jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Taimi wà lẹ́yìn, wáyà wà lórí itan rẹ̀. Oiva tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fi jíà sí i, mọ́tò gbéra láì já ẹnikẹ́ni láyà. Láti orí jíà kìíní dé ìkejì, ìkejì dé ìkẹta, Taimi ò gbọ́ kinní kan. Tuulikki di ojú, ó ń tẹ́tí. Wọ́n gba etí odò, wọ́n gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Lórí òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, Tuulikki ní kó dúró síbẹ̀, kó tún gbéra. Ó dúró, ó gbéra. Mọ́tò náà ò fi ìka kan fà sẹ́yìn.

“Bàbá,” Tuulikki ní, “ká ní ìdánwò lẹ wá ṣe, ẹ̀ bá ti yege, màá sì ti máa sọ̀rọ̀ yín fún àwọn tó kù.”

Inú dígí ni Oiva ti ń wo Taimi.

“Ọdún kan àti oṣù kan, Taimi.”

“Mo mọ̀.”

“Mo lọ gba ìwé nílé àwọn arúgbó.”

“Mo rí i, lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Forí jì mí, Oiva. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí o bá lọ sọ́dọ̀ Eino, mo ti máa ń sin òkú ẹ lọ́kàn mi kó tó di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí o ní o ò wakọ̀ mọ́, inú mi dùn. Kò yẹ kó dùn, àmọ́ ó dùn. Nígbà tí mo rí ohun tó ń ṣe ẹ́, ẹnu mi ò gbà á mọ́.”

“O ò ṣe sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà ọ́?”

“Ṣé ò bá ti gbọ́?”

Oiva rò ó dé ibi tí iná ojú ọ̀nà ti dá wọn dúró. “Rárá,” ó ní. “Mi ò ní gbọ́.”

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Taimi rò pé ẹkún ni, ó na ọwọ́ sí i láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín ni. Ó tún di ẹkún díẹ̀, ó padà di ẹ̀rín. “Ìká mẹ́rin,” ó ń wí. “Orí ìkọ́ ọ̀tún. Orí mi pé! Orí mi pé, ẹ̀yin èèyàn!” Iná ti di aláwọ̀ ewé, ẹni tó wà lẹ́yìn wọn tẹ fèrè. “Máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ọ̀rẹ́ mi,” Oiva dá a lóhùn, ó sì fi mọ́tò sí jíà kìíní bí ẹni tó ń gbé ọmọ sùn.

Nígbà tí wọ́n padà dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, Taimi ní, “Má tà á mọ́, Oiva. Mi ò ní sọ nǹkan kan.”

“Màá tà á.”

“Torí kí ni?”

“Mo ti fún obìnrin yìí ní kọfí.” Ó pa iná mọ́tò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu sítíárìn. “Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, màá pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Bọ́ọ̀sì ń lọ sọ́dọ̀ Eino lọ́jọ́ Ẹtì. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ló fẹ́ bá mi tà á. Lónìí, èmi ni mò ń tà á.”

Ohun tó sọ yìí wọ Taimi lára. Oiva àti Tuulikki bọ ara wọn lọ́wọ́, Tuulikki san owó láti orí fóònù, wọ́n fọwọ́ síwèé. Oiva ní kó fún òun ní ìpolówó tó wà lápò rẹ̀. Ó gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wọ́ ìlà lórí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Orí awakọ̀ kò ní àbùkù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.” Tuulikki ní òun máa fi sínú mọ́tò kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kà á.

Lẹ́yìn náà ló ṣáná, ó juwọ́, ó yí síta sí ojú pópó. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń juwọ́ títí ẹ̀yìn aláwọ̀ búlúù náà fi yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtajà. Ìgbà tí Taimi sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ ló rí ohun tó ti fi ń juwọ́.

“Oiva,” ó ní, “wáyà rẹ̀ rèé.”

Oiva wo wáyà náà. Ó wo ojú pópó tó ti ṣófo.

“Ta ló gbàgbé ẹ̀?”

“Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.”

“Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Olùkọ́ mọ́tò náà wà níbẹ̀!” Ẹ̀rín tún mú un, ó fi ẹ̀yìn ti òpó kó má baà ṣubú. Àwọn aládùúgbò ti yọjú sí fèrèsé, tàwọn ti kọfí lọ́wọ́, Taimi sì rí i pé òun náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń jáde lójú òun, òun ò sì bìkítà ẹni tó ń wo òun.

Nígbà tó rọlẹ̀, Oiva gba wáyà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í kọ́ sórí ìkọ́ ọ̀tún kí Tuulikki lè rí i tó bá padà wá. Ó fà á wò bóyá ó dúró. Ó fi apá kọ́ apá ìyàwó rẹ̀, wọ́n kọjú sílé.

“Taimi, jọ̀ọ́,” ó ní. “Má ki í bọ iná.”